Ọ̀rọ̀-Ìṣe Inú Ìbéèrè: Bí Sáfà Ṣe Ń Dá Àwọn Oníbàárà Rẹ̀ Lóhùn Lórí Ayélujára

Sáfà ni orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa gbọ́ ìbéèrè kí ó sì máa dáhùn lọ. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ẹ̀rọ náà. Apache àti nginx wà lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ. Ẹni tí ó ń béèrè ni oníbàárà. Oníbàárà yìí kì í ṣe ènìyàn gan-an, bí kò ṣe ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó ń ṣojú fún ènìyàn: búráúsà orí fóònù, áàpù báńkì, tàbí ètò tí Google ń rán kiri láti ka àwọn ojú-ewé orí ayélujára. Sáfà kò rí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kò mọ̀ bóyá ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó ń béèrè tàbí ọmọdé. Ohun tí ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀, inú àwọn ìlà wọ̀nyí nìkan ni ó sì ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kò ní ṣàì dá irú àwọn ìlà bẹ́ẹ̀ mọ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ wo ojú-ewé ọ̀rọ̀ kan nínú atúmọ̀-èdè orí ayélujára, ohun tí búráúsà rẹ̀ yóò fi ránṣẹ́ máa ń rí báyìí:

GET /atumo-ede/oko HTTP/1.1
Host: example.com
Accept-Language: yo

Gbólóhùn àṣẹ ni èyí. GET ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, “mú wá” ni ó sì túmọ̀ sí. /atumo-ede/oko ni àbọ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ní kí sáfà mú wá. HTTP/1.1 ń sọ irú òfin ìbánisọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì yóò tẹ̀lé. Àwọn ìlà tí ó kù ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀yán àti ọ̀rọ̀-àpọ́nlé. Host ń sọ ìkànnì tí ọ̀rọ̀ kàn, nítorí pé ọgọ́rùn-ún ìkànnì lè máa gbé inú sáfà kan ṣoṣo. Accept-Language ń sọ pé bí ojú-ewé náà bá wà ní èdè púpọ̀, ti Yorùbá ni kí ó mú wá. Yo ni àmì tí gbogbo ayé fi dá èdè Yorùbá mọ̀ nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú gbólóhùn àṣẹ tí a ń sọ sí ẹnì kan ṣoṣo ní Yorùbá, olùwà kò hàn. Ọ̀wọ̀ pàápàá kò sí níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó fi “ẹ” ṣáájú GET.

Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ohun tí sáfà yóò ṣe, ohun tí àwọn ẹ̀rọ tí ó wà láàrin ọ̀nà yóò gbà láàyè, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lójijì, òun ni ó ń pinnu wọn. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá sì parọ́, ìyẹn bí wọ́n bá lo ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí wíwò fún iṣẹ́ tí ó jẹ́ bíbàjẹ́, kò sí ẹ̀rọ kankan lójú ọ̀nà tí yóò mọ̀.

Bí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe náà ṣe pọ̀ sí i

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni ó wà. Ní 1991, nígbà tí Tim Berners-Lee ṣàlàyé òfin HTTP àkọ́kọ́ ní CERN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìmọ̀ físíìsì tí ó wà lẹ́bàá ìlú Geneva ní Switzerland, GET nìkan ni oníbàárà lè sọ. Bí ibi ìkàwé ni wẹ́ẹ̀bù ìgbà náà rí lójú HTTP: ènìyàn ń wá kàwé, kì í kọ ohunkóhun sílẹ̀ fún olùtọ́jú ìwé. Nígbà tí ìwé òfin HTTP/1.0 jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1996, HEAD àti POST ti darapọ̀ mọ́ ọn. HTTP/1.1, tí ó jáde ní 1997 tí wọ́n sì tún ṣe ní 1999, fìdí PUT, DELETE àti àwọn díẹ̀ mìíràn múlẹ̀. PATCH, tí ó wà fún títún apá kan ohun tí ó ti wà nílẹ̀ ṣe, dé ní 2010. Ìwé tí ó ń darí ìtumọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn lónìí ni RFC 9110, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2022.

Wíwò

Nígbà tí GET bá dé, sáfà yóò kọ́kọ́ yẹ àbọ̀ rẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ pé fáìlì kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí orúkọ rẹ̀ bá àdírẹ́sì yìí mu. Sáfà yóò ṣí i, yóò sì fi ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ bí ó ṣe wà. Báyìí ni àwòrán àti ìwé PDF ṣe sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ wo èsì ìdánwò rẹ̀ kì í sábà bá ojú-ewé kan nílẹ̀ tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sí tí ó ń dúró dè é. Sáfà yóò gbé ìbéèrè náà fún ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tí wọ́n fi PHP, Python tàbí irú èdè bẹ́ẹ̀ kọ. Ètò náà yóò lọ wo inú àká ìsọfúnni ilé-ẹ̀kọ́, yóò ṣa máàkì akẹ́kọ̀ọ́ náà jọ, yóò hun ojú-ewé lójú ẹsẹ̀, sáfà yóò sì gbé e lọ fún oníbàárà. Oníbàárà kò lè mọ èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n gbà, kò sì yẹ kí ó kàn án.

Òfin kan de GET, bóyá nínú fáìlì ni ìdáhùn ti wá tàbí nínú ètò: kò gbọ́dọ̀ yí ohun tí ó wà nínú sáfà padà lórúkọ ẹni tí ó béèrè. Ẹni tí ó béèrè iye tí wọ́n ń ta iṣu kò tíì ra iṣu. Lóòótọ́ ni sáfà lè kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ pé ẹnì kan wá ní agogo báyìí, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ohun tí oníbàárà rán an, a kò sì lè kà á sí i lọ́rùn.

Nítorí pé wíwò lásán ni GET, gbogbo ènìyàn ló ní òmìnira láti fi ṣe ohun tí ó bá mú ọ̀nà yá. Búráúsà lè tọ́jú àdàkọ ojú-ewé tí ó ti rí lánàá. Nígbà tí ènìyàn bá padà síbẹ̀ lónìí, búráúsà kì í tún ojú-ewé náà gbà látòkèdélẹ̀, ó lè fi àmì tí sáfà fún un lánàá ránṣẹ́ padà nínú ìlà tí wọ́n ń pè ní If-None-Match, bí ìgbà tí ènìyàn ń wí pé: “Bí ó bá ti yàtọ̀ sí èyí, mú un wá.” Bí kò bá yàtọ̀, sáfà yóò dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà 304, kò sì ní fi ojú-ewé kankan tẹ̀lé e. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fi owó ra détà, bóyá 304 ni ìdáhùn tí ó yẹ kí ó máa dúpẹ́ fún jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní rí i láéláé. HEAD náà wà fún irú ìfowópamọ́ yìí: ó dà bí GET ní ohun gbogbo, àfi pé orí ìdáhùn nìkan ni sáfà yóò fi ránṣẹ́, láìsí ara rẹ̀.

Ṣíṣe, àti ṣíṣe lẹ́ẹ̀mejì

POST yàtọ̀. Ó ń gbé ẹrù. Lẹ́yìn àwọn ìlà àkọ́kọ́, ìlà òfìfo kan yóò wà, lẹ́yìn náà ni ohun tí ènìyàn kọ sínú fọ́ọ̀mù yóò tẹ̀lé: orúkọ, nọ́ńbà ìdánimọ̀, àwọn kọ́ọ̀sì tí ó mú. Ìlà Content-Type yóò sọ irú ẹrù tí ó jẹ́ fún sáfà, Content-Length yóò sọ bí ó ti gùn tó. Ẹrù GET, ní tirẹ̀, inú àdírẹ́sì gan-an ni ó máa ń wà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí fọ́ọ̀mù tí ó ń gba ọ̀rọ̀ aṣínà lo GET, nítorí pé búráúsà máa ń tọ́jú àwọn àdírẹ́sì tí ó ti dé, sáfà náà sì máa ń kọ wọ́n sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Aṣírí tí ó bá wọ inú àdírẹ́sì ti tú sí ibi méjì kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wúwo jù kò sí nínú ẹrù. Ó wà nínú ìbéèrè yìí: bí sáfà bá gbọ́ gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ṣé ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ yóò parí sí bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan ni ó gbọ́ ọ? Ẹni tí ó sọ pé kí wọ́n gbé àga sí igun yàrá, tí ó sì tún un sọ, àga kan náà ni yóò bá ní igun náà. Bí PUT ṣe rí nìyẹn: “fi èyí sí àdírẹ́sì yìí.” Ẹni tí ó ní kí wọ́n pa fìtílà, tí ó sì tún un sọ, òkùnkùn kan náà ni yóò bá. DELETE nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ju ọgọ́rùn-ún náírà sínú kóló lẹ́ẹ̀mejì ti ju igba náírà. Ti kóló ni POST. Òfin kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé POST kejì kò ní fi nǹkan kún ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ títí di ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ san owó ilé-ẹ̀kọ́ lórí ayélujára. Ó tẹ bọ́tìnnì ìsanwó, POST jáde lórí fóònù rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ohun méjì ni ó lè ti ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìbéèrè náà kò dé ọ̀dọ̀ sáfà rárá, owó sì wà níbi tí ó wà. Ó sì lè jẹ́ pé ó dé, sáfà ti yọ owó, ìdáhùn ni ó sọnù lójú ọ̀nà. Láti ẹ̀gbẹ́ oníbàárà, kò sí ọ̀nà láti mọ ìyàtọ̀: ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ GET, PUT tàbí DELETE ni, búráúsà tàbí áàpù lè tún un rán fúnra rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Ní ti POST, kò ní àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí búráúsà fi máa ń dá ènìyàn dúró tí ó sì máa ń béèrè bóyá ó dá a lójú pé òun fẹ́ tún fọ́ọ̀mù rán, nígbà tí ó bá fẹ́ tún ojú-ewé ìsanwó ṣí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ìkìlọ̀ náà kí wọ́n tó tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”. Ó yẹ kí wọ́n máa kà á.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ kì í sì fi gbogbo ẹrù yìí lé oníbàárà lórí. Ètò ìsanwó tí wọ́n kọ dáradára máa ń fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí bọ́tìnnì tó ṣeé tẹ̀. Bí POST kan náà bá dé lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, sáfà yóò rí i pé òun ti ṣe iṣẹ́ yẹn, yóò tún ìdáhùn ti àkọ́kọ́ sọ, kò sì ní fọwọ́ kan owó. Ọgbọ́n kejì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí iṣẹ́ bá parí, sáfà yóò dáhùn pẹ̀lú 303, ìyẹn “lọ wo ojú-ewé ibí yìí”, búráúsà yóò sì fi GET lọ wo ojú-ewé rìsíìtì. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ó bá tún ojú-ewé ṣí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, rìsíìtì ni ó ń wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó parọ́

HTTP kò ní ìrántí. Bí ìbéèrè kan bá ti parí, sáfà kò rántí mọ́ pé ẹnì kan wá, àfi bí oníbàárà bá mú àmì ìdánimọ̀ wá lọ́tẹ̀ kejì. Lou Montulli, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape, ni ó wá ojútùú sí èyí ní 1994 pẹ̀lú kúkì: ọ̀rọ̀ kékeré kan tí sáfà fún búráúsà pa mọ́, tí búráúsà sì ń gbé wá pẹ̀lú ìbéèrè gbogbo tí ó bá tún ń lọ sí ìkànnì náà. Kúkì ni ó jẹ́ kí ènìyàn lè wọlé lẹ́ẹ̀kan kí ó má sì máa sọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ní ojú-ewé kọ̀ọ̀kan.

Ní 2005, Google gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Google Web Accelerator. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ojú-ewé tètè máa ṣí. Ọ̀nà tí ó gbà ṣe é ni pé, bí ènìyàn ṣe ń ka ojú-ewé kan lọ́wọ́, ètò náà yóò ti máa fi GET gba àwọn ojú-ewé tí líǹkì rẹ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n lè ti wà nílẹ̀ bí ó bá fẹ́ tẹ ọ̀kan. Kò sí ohun tí ó lòdì sí òfin nínú èyí, nítorí pé wíwò ni GET. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ ìkànnì ìgbà náà ti fi líǹkì lásán ṣe bọ́tìnnì “pa èyí rẹ́”, GET ni líǹkì sì ń rán. Ètò náà tẹ̀ lé gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kúkì ẹni tí ó ti wọlé, àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn sì ń parẹ́ lẹ́yìn wọn láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ kan nǹkan. Ọ̀rọ̀ aṣínà kò gbà wọ́n sílẹ̀, torí pé orúkọ wọn gan-an ni a fi pa á rẹ́. Àwọn kan bú Google nígbà náà. Òótọ́ ni pé ìrora náà pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ “wò ó” sí ara ohun tí ó túmọ̀ sí “bà á jẹ́” ni ọ̀rọ̀ náà bá wí jù.

Ìdáhùn

Nọ́ńbà kan, láàrin 100 sí 599, ni ó máa ń ṣáájú ìdáhùn sáfà. 200 túmọ̀ sí pé ohun gbogbo lọ déédéé. 301 túmọ̀ sí pé ohun tí ènìyàn ń wá ti kó lọ sí àdírẹ́sì mìíràn títí láé. Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 ń di ẹ̀bi ru oníbàárà. 401 ń wí pé: “Sọ ẹni tí o jẹ́ ná.” 403 ń wí pé: “Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò ní ṣe é.” 404 ni gbogbo ènìyàn mọ̀, pé sáfà kò rí ohun tí wọ́n béèrè. 405 ni ó kan gírámà jù: àbọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n lò kò bá a lọ, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi DELETE ránṣẹ́ sí ojú-ewé tí ó wà fún kíkà nìkan.

Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5, sáfà fúnra rẹ̀ ni ó gbà pé òun ni ó jẹ̀bi. Ní ọjọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ń rán GET lẹ́ẹ̀kan náà, 503 ni wọ́n sábà máa ń rí. Kì í ṣe pé wọ́n ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Ọwọ́ sáfà ni ó dí. Ní 1999, Dan Kegel fi ìbéèrè síwájú àwọn onímọ̀ pé báwo ni sáfà kan ṣe lè dá ẹgbàárùn-ún oníbàárà lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀pọ̀ sáfà ìgbà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n ń ya òṣìṣẹ́ kan sọ́tọ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ náà yóò sì dúró tì í títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fi parí, bí ìyá olóúnjẹ tí kò ní gbọ́ ti ẹnì kejì títí ẹni àkọ́kọ́ yóò fi jẹun tán. nginx, tí Igor Sysoev ará Rọ́ṣíà gbé jáde ní 2004, gba ọ̀nà mìíràn: òṣìṣẹ́ díẹ̀ ni ó ní, bí ọ̀kan bá sì ń dúró kí ìrẹsì ẹnì kan jinná, yóò ti máa bu ọbẹ̀ fún ẹlòmíràn. Apache náà ti kọ́ irú ọgbọ́n yìí lẹ́yìn náà. Síbẹ̀ gbogbo ọgbọ́n ní ìwọ̀n, ẹni tí ó bá sì ń tún ojú-ewé ṣí ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó bá ti rí 503, ìlà ni ó ń fi kún ìlà. Sáfà lè fi ìlà Retry-After sọ iye àkókò tí ó yẹ kí oníbàárà dúró.

Àbọ̀ tí ó ní àmì ohùn

Ibi tí gbogbo èyí ti kan èdè Yorùbá gan-an ni àbọ̀ gbólóhùn náà. Àdírẹ́sì inú HTTP kò gbà ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, òǹkà àti àwọn àmì díẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá tẹ ọkọ́ sínú àdírẹ́sì, búráúsà rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ di báìtì, kí ó sì fi àmì % kọ báìtì kọ̀ọ̀kan tí kò bá sí lára àwọn tí wọ́n gbà láàyè. Lẹ́tà ọ di %E1%BB%8D. Àmì ohùn òkè di %CC%81. Báyìí, ohun tí sáfà yóò gbà fún ọkọ́ ni %E1%BB%8Dk%E1%BB%8D%CC%81.

Wàhálà tí ó wà níbẹ̀ ni pé Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà gbogbo fi ń ka lẹ́tà, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́. Pátákó ìtẹ̀wé kan lè kọ ọ́ ní ọ pẹ̀lú àmì ohùn. Òmíràn lè kọ o, kí ó fi àmì abẹ́ sí i, kí ó tó fi ohùn sí i. Ẹ̀kẹta lè kọ ó kí ó tó wá fi àmì abẹ́ sí i. Lójú òǹkàwé, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú sáfà tí ó ń fi báìtì wé báìtì, àbọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ó lè mú ojú-ewé ọkọ́ wá fún ẹni àkọ́kọ́ kí ó sì sọ 404 fún àwọn méjì yòókù. Ìlànà kan wà nínú Unicode tí wọ́n ń pè ní NFC, tí ó ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tí ó kọ ìkànnì náà bá rántí láti lò ó kí ó tó wá ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n NFC kò lè ran ẹni tí ó fi ìlà kékeré tí ó nàró sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tó-tó lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i nínú àwọn ìwé Yorùbá kan: nọ́ńbà mìíràn ni Unicode fún ìlà náà, kò sì kà wọ́n sí ọ̀kan.

Àwọn kan ti sá fún ìyọnu yìí nípa yíyọ gbogbo àmì kúrò, bí ó ti rí nínú àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ lókè. Oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò di /atumo-ede/oko, àdírẹ́sì kan fún ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bá ara wọn tan. Atúmọ̀-èdè tí ó bọ̀wọ̀ fún èdè náà yóò tọ́jú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì rẹ̀ ní NFC, yóò sì sọ ìlà tí ó nàró di àmì tó-tó kí ó tó wá a. Yóò tún tọ́jú ẹ̀dà aláìlámì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ní àmì, tí ó sì tẹ oko, yóò rí márààrún lójú-ewé kan kí ó lè yan èyí tí ó ń wá. Ẹni tí ó tẹ ọkọ̀ yóò bọ́ sórí ọkọ̀ tààrà, láìgba ọ̀dọ̀ ẹni tí ń roko tàbí ẹni tí ó gbé ọ̀kọ̀ dání kọjá.